I. K. Dáíró àti Ọgbọ́n Ìkọrin Jùjú: Àgbéyẹ̀wò fún Olùkọ́ àti Olùdánwò

Ìfáárà

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwa àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa jọ jókòó láti máàkì ìwé ìdánwò. A ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi àpẹẹrẹ tí wọ́n bá mọ̀ ṣàlàyé àwítúnwí nínú ewì alohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan mú àpẹẹrẹ tirẹ̀ láti inú orin I. K. Dáíró. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó fi àmì ohùn sí i, ó sì ṣàlàyé iṣẹ́ tí àwítúnwí náà ń ṣe nínú orin náà. Ọ̀kan nínú wa fi yíǹkì pupa fa ìlà gbọọrọ sí i, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé orin àríyá kì í ṣe ewì. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ṣe pàdánù gbogbo máàkì ìbéèrè yẹn. A jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà títí, ṣùgbọ́n nígbà tí kò sí ẹnì kan nínú wa tí ó lè fi ẹ̀rí tí ó dúró múlẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀ pé ewì ni orin jùjú, ìlà pupa ni ó borí.

Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti wá ẹ̀rí náà. A óò tẹ̀lé ìtàn ìgbésí-ayé Isaiah Kẹ́hìndé Dáíró láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, a óò sì wo ọ̀nà tí ó ń gbà kọ orin. Èrò wa ni pé Dáíró kì í fi ọ̀rọ̀ há inú ohùn orin bí ẹni ń ki ẹrù bọ inú àpò tí ó kéré. Ọ̀rọ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ tí ó wà lára rẹ̀, ni ó ń darí orin rẹ̀. Bí a bá lè fi èyí hàn, a jẹ́ pé olùkọ́ lítíréṣọ̀ ní ohun tí ó lè fi orin Dáíró kọ́ ọmọ, olùdánwò náà yóò sì rí òṣùwọ̀n tí ó lè fi wọ̀n ọ́n.

Ìbẹ̀rẹ̀ Ayé Rẹ̀

Ìlú Ọ̀ffà, tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Kwara lónìí, ni wọ́n bí Dáíró sí ní ọdún 1930, ṣùgbọ́n ará Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà ni àwọn òbí rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ìbejì ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti àwọn ìjọ Krístì ní Ọ̀ffà, ṣùgbọ́n àìsí owó kò jẹ́ kí ó bá a dópin. Bàbá rẹ̀ gbẹ́ ìlù kan fún un nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún 7, ìlù yìí ni ó sì gbé dání nígbà tí ó kúrò ní Ọ̀ffà padà sí Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. Àwọn àgbà ní ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ni í ti í ṣẹnu ṣámúṣámú. Ọ̀rọ̀ Dáíró kò yàtọ̀ sí èyí.

Ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ ni ó kọ́kọ́ yàn láàyò. Ní 1948, ó lọ sí Ẹdẹ, ó sì ń kiri aṣọ tà. Òwò yìí kò ṣàjèjì sí ẹni tí ó bá mọ ìtàn àwọn Ìjẹ̀ṣà. Ìkiri aṣọ ni iṣẹ́ àwọn òṣómàáló, àwọn tí í gbé aṣọ láti ìlú dé ìlú, tí í tà á láwìn, tí wọ́n sì í padà wá lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà oníbàárà wọn títí owó yóò fi jáde. Ní Ẹdẹ náà ni ó ti ń bá àwọn onílù àdúgbò ṣeré bí ọwọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò fẹ́ràn èyí, ó sì lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Láti ibẹ̀ ni ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ dé Ìbàdàn, níbi tí ó ti bá Daniel Ojoge, ọ̀kan nínú àwọn àgbà olórin jùjú, ṣeré fún ìgbà díẹ̀.

A fẹ́ kí òǹkàwé fi ọkàn sí iṣẹ́ méjèèjì yìí, iṣẹ́ onígbàjámọ̀ àti òwò aṣọ. Ojúbọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi í gba ọmọ lọ́wọ́ èkùrọ́, bẹ́ẹ̀ ni ojúbọ̀rọ̀ kọ́ ni a fi í mọ èdè àwọn ènìyàn. Abẹ́ ọwọ́ onígbàjámọ̀ ni tàgbà tèwe ti í jókòó tí wọ́n sì í tú ọ̀rọ̀ inú wọn. Ẹni tí ó ń kiri aṣọ gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ti ń kíni ní ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ó mọ ẹ̀fẹ̀ wọn, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ tí ó lè múni bínú. Ní tiwa, a gbà pé ilé-ẹ̀kọ́ èdè ni ọ̀nà yìí jẹ́ fún Dáíró. Ìwé tí kò kà tó ní Ọ̀ffà, ẹnu àwọn ènìyàn ni ó ti lọ kà á.

Orin Jùjú kí Dáíró tó Dé

Kí a lè mọ ohun tí Dáíró fi kún jùjú, ó yẹ kí a wo bí ó ti bá a. Ìlú Èkó ni jùjú ti ṣẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1930 sí i. Túndé King ni ọ̀pọ̀ ń kà sí aṣáájú rẹ̀, ó sì ṣe àwo orin ní 1936. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Àyìndé Bákàrè ṣe tirẹ̀ ní 1937. Ẹgbẹ́ olórin jùjú nígbà náà kò ju ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ. Gìtá tàbí báńjò kan, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àti ìlù pẹlẹbẹ olówó wẹ́wẹ́ tí a ń pè ní jùjú ni irinṣẹ́ wọn. Inú ilé àti gbọ̀ngàn kékeré ni wọ́n ti ń ṣeré, níbi tí àwọn ọkùnrin kóra jọ sí tí wọ́n ń mu ọtí. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, tí ó parí ní 1945, gángan wọ inú jùjú, ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn gìtá àti ti ẹnu sókè náà sì dé. Èyí fún jùjú láyè láti kúrò nínú ilé bọ́ sí ojúde.

Síbẹ̀, jùjú kò tíì níyì púpọ̀. Háíláìfù, pẹ̀lú fèrè àti kàkàkí onídẹ, ni àwọn ọ̀làjú ń jó ní òtẹ́ẹ̀lì ńláńlá ní Èkó àti Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ka olórin jùjú sí alágbe ọlọ́gìtá. Ipò yìí ni Dáíró bá iṣẹ́ náà.

Láti Morning Star dé Blue Spots

Ní ọdún 1957, Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀. Morning Star Orchestra ni ó pè é, ènìyàn mẹ́wàá ni ó sì wà níbẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí iye yìí. Ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́rin kò lè ní ju elégbè kan tàbí méjì lọ. Ẹgbẹ́ ènìyàn mẹ́wàá lè ní elégbè tí ó tó láti fi lílé àti ègbè ṣe ọ̀pá ìdúró orin. Ó tún lè ní onílù tí ó tó láti dá ọ̀rọ̀ sọ. Nípa báyìí, Dáíró gbé jùjú sún mọ́ ọ̀nà tí àwọn Yorùbá ti ń kọrin láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, níbi tí ẹnì kan í lé tí agbo í sì gbè é.

Ní 1960, nígbà ayẹyẹ òmìnira Nàìjíríà, wọ́n pe ẹgbẹ́ yìí wá ṣeré níbi àpèjẹ tí agbẹjọ́rò pàtàkì kan ṣe ní Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ńlá ilẹ̀ Yorùbá ti gbọ́ ọ. Láìpẹ́, ó yí orúkọ ẹgbẹ́ náà padà sí Blue Spots, ó sì borí nínú ìdíje àwọn olórin jùjú tí wọ́n gbé sí orí tẹlifísàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ilé-iṣẹ́ Decca ń gbé àwo rẹ̀ jáde léraléra. Ọ̀kan nínú wọn, “Sàlómẹ̀”, orin ìfẹ́ tí ó pe obìnrin ní orúkọ inú Bíbélì, di ohun tí tọmọdé tàgbà ń kọ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 wọ̀nyí. Ní 1963, ìjọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi oyè M.B.E. dá a lọ́lá. Bí a bá rántí pé olórin jùjú ti jẹ́ alágbe lójú ọ̀pọ̀ ní ọdún mẹ́wàá ṣaájú, a óò mọ bí ìyípadà náà ti tó.

Irinṣẹ́ tí orúkọ rẹ̀ sì so mọ́ jù lọ ni àkọ́díọ̀nù, dùùrù kékeré oníbọ́tìnnì tí a ń fà tí a sì ń fún láàárín ọwọ́ méjèèjì. Dáíró ni ó sọ ọ́ di ìlúmọ̀ọ́ká nínú jùjú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àkọ́díọ̀nù ni ó sọ ọ́ di akéwì. A óò yà sí ohun tí ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ní í Ṣaájú Ohùn Orin

Gbogbo wa ni a mọ̀ pé èdè olóhùn ni Yorùbá. A máa ń fi òwe kan tí kò lè ṣì wá lọ́wọ́ ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì: “Iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́.” Ohùn sílébù àkọ́kọ́ nìkan ni ó ya iṣẹ́ tí a ń ṣe sọ́tọ̀ sí ìṣẹ́ tí ó ń ṣẹ́ni. Bí ẹnì kan bá wá fi orin kọ òwe yìí, tí ohùn orin rẹ̀ kò sì wálẹ̀ ní ibi tí ó yẹ kí ó wálẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tí ó kẹ́yìn, etí yóò gbọ́ pé iṣẹ́ ni oògùn iṣẹ́. Òwe ti fọ́ nìyẹn.

Irú ìfọ́wẹ́wẹ́ báyìí pọ̀ nínú àwọn orin ìsìn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà sí Yorùbá, ṣùgbọ́n wọ́n fi ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ bí ó ti wà. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò bá ní ìwé lọ́wọ́ kò lè mọ ohun tí ìjọ ń kọ. T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní ìjọ Kàtídírà ti Krístì ní Èkó, wà lára àwọn tí ó fi ọkàn sí ìṣòro yìí, ó sì tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953. Ní ọ̀nà tiwọn, àwọn ìjọ Aládùúrà wá ojútùú mìíràn. Ẹgbẹ́ Kérúbù àti Séráfù, tí Mósè Orímọládé àti Àbíọ́dún Akínsọ̀wọ́n dá sílẹ̀ ní 1925, fi ààyè gba àtẹ́wọ́, ìlù àti orin tí àwọn ọmọ ìjọ fúnra wọn ṣẹ̀dá. Orin tí Yorùbá bá fúnra rẹ̀ ṣẹ̀dá, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni yóò bí ohùn rẹ̀.

Inú ìsìn Aládùúrà yìí ni Dáíró wà. Nígbà tí a bá tẹ́tí sí àwo rẹ̀, ohun tí ó kọ́kọ́ hàn ni pé a ń gbọ́ ohun tí ó ń sọ. Kò sí ìdí láti béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohùn orin ń gòkè bí ọ̀rọ̀ bá gòkè, ó sì ń wálẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá wálẹ̀. Àkọ́díọ̀nù a ṣíde orin, a sì dákẹ́ tàbí kí ó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀. Kì í fi agbára fa ohùn ẹnu lọ sí ibi tí ọ̀rọ̀ kò fẹ́ lọ.

A rí ẹ̀rí mìíràn tí ó lágbára jù èyí lọ, ìyẹn ni gángan. Ohùn nìkan ni gángan ní. Kò ní kọ́ńsónáǹtì, kò sì ní fáwẹ́lì. Bí olórin bá ti ba ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́ nínú orin rẹ̀, tí ó wá ní kí gángan tún un sọ, ohun tí gángan yóò sọ yóò yàtọ̀ sí ti ẹnu. Nínú orin Dáíró, ẹnu a sọ, gángan a gbà á, ọ̀rọ̀ kan náà ni a óò sì gbọ́. Nígbà mìíràn gángan a dá òwe sọ láìjẹ́ pé ẹnu kọ́kọ́ pa á, elégbè a sì dáhùn bí ẹni pé ènìyàn ni ó sọ̀rọ̀. Kò sí bí èyí ṣe lè ṣẹlẹ̀ àfi kí ẹni tí ó kọ orin ti ní ohùn ọ̀rọ̀ lọ́kàn kí ó tó kọ ọ́. Gángan ni olùdánwò tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Dáíró sì ń jókòó ìdánwò yìí nínú àwo kọ̀ọ̀kan.

Ìṣẹ́jú Mẹ́ta

Ohun kejì tí ó yẹ kí olùkọ́ fiyè sí ni gígùn orin. Àwo tí ó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan ni jùjú bá lọ́jà, kò sì lè gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 lọ ní ojú kan. Àwo kékeré oní-45 tí ó tẹ̀lé e kò fi bẹ́ẹ̀ jù ú lọ. Olórin tí ó lè fi wákàtí kan ki olówó kan níbi ìnáwó gbọ́dọ̀ wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ tó dé àárín àwo. Fún ẹlòmíràn, ìyà ni èyí. Dáíró fi ṣe ọgbọ́n.

Bí a bá wo ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin rẹ̀ ìgbà náà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Àkọ́díọ̀nù tàbí gìtá yóò ṣíde. Lẹ́yìn náà ni Dáíró yóò gbé kókó ọ̀rọ̀ kalẹ̀ ní gbólóhùn bíi mélòó kan, àwọn elégbè yóò sì tún kókó náà sọ. Ní ààrin orin, àwọn ohun èlò olókùn yóò fà sẹ́yìn, ìlù yóò sì gba iwájú. Ibí yìí ni gángan ti ń sọ̀rọ̀, tí lílé àti ègbè sì ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn kíákíá. Ní ìparí, a óò padà sí kókó ọ̀rọ̀ tí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan lè kọ ọ́, nítorí pé ibi tí ó ti gbéra ni ó padà sí.

Nínú ètò yìí, àwítúnwí kì í ṣe àìrí-ọ̀rọ̀-sọ. Nígbà tí elégbè bá tún gbólóhùn sọ lẹ́yìn tí ìlù ti fi òwe kún un, gbólóhùn náà kì í ṣe ti àkọ́kọ́ mọ́, nítorí pé òwe tí ó wà láàárín ti fi ìtumọ̀ kún un. Adébóyè Babalọlá, nínú iṣẹ́ rẹ̀ lórí ìjálá ní 1966, àti Ọlátúndé Ọlátúnjí, nínú ìwé rẹ̀ lórí àbùdá ewì alohùn ní 1984, ti kọ́ wa láti wá àwítúnwí, gbólóhùn oníbejì àti ìfohùn-kọ-ohùn nínú ewì. Bí a bá gbé òṣùwọ̀n kan náà lé orí Dáíró, kò ní fò ó. Ìyàtọ̀ tí ó wà ni pé àwọn arọ́jàálá ní gbogbo òru láti fi lo àwọn ọgbọ́n wọ̀nyí, Dáíró sì ní ìṣẹ́jú 3. Àkọ́jáde ọ̀rọ̀ tí kò ní ìfowóṣòfò nínú ni orin rẹ̀ jẹ́.

Ẹ̀ka-èdè nínú Orin

Ibí yìí ni a fẹ́ kí àwọn olùdánwò ti fi etí sílẹ̀ jù lọ. Dáíró kò fi ara mọ́ Yorùbá àjùmọ̀lò nìkan. Ó kọrin ní Ìjẹ̀ṣà, ó mú láti inú àwọn ẹ̀ka-èdè mìíràn, ó sì tún kọrin ní àwọn èdè mìíràn tí ó wà ní Nàìjíríà.

Nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, kò sí ọ̀rọ̀-orúkọ tí ó fi fáwẹ́lì u bẹ̀rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ní tirẹ̀, yóò sọ pé ulé, uṣu àti ùlú níbi tí àwa yóò ti sọ pé ilé, iṣu àti ìlú. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ uṣu nínú àròkọ yẹ kí ó gba àtúnṣe, nítorí pé àròkọ ní èdè tí ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń ṣe àdàkọ orin tí olórin fi Ìjẹ̀ṣà kọ, tí ó wá yí uṣu padà sí iṣu kí olùdánwò má bàa gé e ní máàkì, ó ti parọ́ mọ́ olórin. Ó sì ti ṣe ohun tí ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti gbà pé èdè ìyá-ìyá rẹ̀ kò yẹ ní orí ìwé.

Dáíró lo ẹ̀ka-èdè fún iṣẹ́ pàtó. Bí ó bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo Yorùbá yẹ kí ó gbọ́, Yorùbá àjùmọ̀lò ni ó ń lò. Bí ó bá fẹ́ ṣẹ̀fẹ̀, tàbí kí ó fi ìfẹ́ ilé hàn, tàbí kí ó mú kí ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó rántí orísun rẹ̀, a yà sí ẹ̀ka-èdè. Ohun tí àwọn òǹkọ̀wé eré-onítàn wa ń ṣe fún àwọn ẹ̀dá-ìtàn wọn ni èyí, a kì í sì í fi ìyẹn bá wọn wí.

Ìsìn, Orí àti Owó

A kò ní pẹ́ lórí kókó-ọ̀rọ̀ inú àwọn orin rẹ̀, nítorí pé ó hàn sí gbogbo ẹni tí ó bá gbọ́ wọn. Ìfẹ́, ikú, ọmọ, sùúrù, ọ̀tá àti ìkìlọ̀ fún ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí ó yẹ fún àkíyèsí ni pé Aládùúrà tòótọ́ tí ó tún dá ìjọ tirẹ̀ sílẹ̀ nígbẹ̀yìn kò bẹ̀rù láti kọrin nípa orí àti iṣẹ́ tí orí rán ẹ̀dá wá sáyé. Àdúrà ìjọ àti èrò àwọn bàbá wa nípa àyànmọ́ jọ ń gbé inú orin kan láìjà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn Yorùbá ṣe gba ẹ̀sìn tuntun láìju ti àtijọ́ nù pátápátá yóò rí nǹkan kọ́ níbẹ̀.

A kò ní tìtorí èyí fi àléébù pamọ́. Orin jùjú ń jẹ lára ìnáwó, ẹni tí ó bá sì ń jẹ lára ìnáwó yóò ki olówó. Nínú àwọn orin Dáíró, àwọn kan wà tí kò ju orúkọ ènìyàn àti ìyìn rẹ̀ lọ. Nígbà tí àwọn tí ó kì ti kú, tí àwọn ọmọ wọn kò sì lókìkí, orin náà di orúkọ lásán ní etí wa. Èyí kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí apá kan nínú oríkì, bẹ́ẹ̀ a kò tìtorí rẹ̀ sọ pé oríkì kì í ṣe ewì. Iṣẹ́ olùkọ́ ni láti yan èyí tí ó dára.

Ìgbà tí Ọjà Yí Padà

Ní 1969, Dáíró àti Haruna Ishola, àgbà olórin àpàlà, jọ dá ilé-iṣẹ́ àwo orin Star sílẹ̀. Ohun ńlá ni èyí, nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ òkè-òkun ni ó ti ń pa èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó orin wa títí di ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ọjà ti ń yí padà. Ogun abẹ́lé láti 1967 sí 1970 ti tú ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ háíláìfù ká ní Èkó, jùjú sì gba ipò wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gba ipò náà ni Ebenezer Obey, tí ó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1964, àti Sunny Adé, tí ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1967. Green Spots ni Sunny Adé pe ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ Blue Spots rí mọ ẹni tí ó ń fi orúkọ náà júbà fún.

Àwo ńlá tí ó lè gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú ní ojú kan wá gbòde. Olórin kò ní láti gé ọ̀rọ̀ mọ́. Ó lè fa orin gùn bí ó ti ń ṣe níbi ìnáwó. Ọgbọ́n ìṣẹ́jú 3 tí Dáíró mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tà mọ́. Ní àwọn ọdún 1970 àti 1980, ó gbájú mọ́ òwò òtẹ́ẹ̀lì àti iṣẹ́ ìjọ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ọdún 1990 bẹ̀rẹ̀, ó tún kó ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, àwo rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan nínú wọn sì ni “Àṣíkò”. Láti 1994 sí 1995, ó kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní orin ní Yunifásítì Washington ní ìlú Seattle. Ọmọ tí kò rí owó parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ọ̀ffà ni ó di olùkọ́ ní yunifásítì yìí. Ó kú ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè ní ọjọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 1996. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, ọmọ rẹ̀, Paul Dairo, tún orin bàbá rẹ̀ gbé jáde ní ọ̀nà tí àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà fi lè jó o.

Ohun tí ó Kù fún Wa láti Ṣe

Yunifásítì òkè-òkun rí ohun tí àwọn ọmọ wọn lè kọ́ lọ́dọ̀ Dáíró. Kò yẹ kí ó jẹ́ àwa olùkọ́ Yorùbá ni yóò fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i. A dá àbá mẹ́ta wọ̀nyí.

Èkíní, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yan orin Dáíró kan tàbí méjì, kí òun àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ṣe àdàkọ rẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn kíkún, kí wọ́n sì kọ ohun tí gángan sọ sí ẹ̀gbẹ́ ohun tí ẹnu sọ. Kò sí ẹ̀kọ́ àmì ohùn tí ó dùn tó èyí.

Èkejì, kí olùdánwò má ṣe bi akẹ́kọ̀ọ́ léèrè bóyá orin jùjú jẹ́ ewì tàbí kò jẹ́ ẹ. Kí ó bi í ní ohun tí a lè wọ̀n: Irú iṣẹ́ wo ni ègbè ń ṣe nínú orin yìí? Kí ni ìtumọ̀ òwe tí ìlù pa fi kún kókó ọ̀rọ̀? Níbo ni olórin ti lo ẹ̀ka-èdè, kí sì ni ìdí rẹ̀? Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe àdàkọ ẹ̀ka-èdè bí olórin ti pè é, kí a má ṣe gé e ní máàkì.

Ẹ̀kẹta, kí a tètè wá àwọn àwo náà kiri. Àwo oní-78 a máa fọ́ bí ìkòkò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wà lábẹ́ ibùsùn àwọn àgbà wa àti nínú àjà ilé tí òjò ń jò sí. Kì í ṣe gbogbo wọn ni wọ́n ti tún gbé jáde. Bí àgbà tí ó ni ín bá kú, àwọn ọmọ a kó o dà nù pẹ̀lú àwọn ẹrù àlòkù. Ewì alohùn tí kò sí nínú ìwé, tí ó wá kúrò nínú àwo, kò sí ibi tí a ó tún ti rí i mọ́.

Àgbálọgbábọ̀

A ti gbìyànjú láti fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí pé orin I. K. Dáíró ń tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀, pé gángan tí ó ń tún ọ̀rọ̀ sọ jẹ́rìí sí èyí, pé ìṣẹ́jú 3 sọ àwítúnwí rẹ̀ di ọgbọ́n, àti pé ẹ̀ka-èdè ní iṣẹ́ tirẹ̀ nínú rẹ̀. A kò sọ pé gbogbo orin jùjú ni ó rí báyìí. Ohun tí a ń sọ ni pé kí a kọ́kọ́ gbọ́ orin kí a tó dá a lẹ́jọ́.

Ọmọ tí a gé ní máàkì lọ́jọ́ náà yóò ti dàgbà báyìí. Ó ṣeé ṣe kí òun náà ti di olùkọ́. Bí ó bá ka ìwé wa yìí, kí ó mọ̀ pé àpẹẹrẹ rẹ̀ tọ̀nà, àti pé àwa tí a jókòó yí tábìlì ká lọ́jọ́ náà ni kò mọ ìdáhùn.